Ọ̀nà òkè Atakora lásìkò iná igbó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ń gbé. Lóṣù kìíní, mo fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ìyá mi lọ sí Natitingou, níhà àríwá, ká sì débi Boukoumbé, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí òkè Atakora àti ilé amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tata. (Òkè tiwa níbí ti sú wọn, wọ́n ní òkúta lásán ni!)

Iná ló ń kọ mí lóminú. Lásìkò ọyẹ́, àgbẹ̀ ń sun oko, ọdẹ ń sun igbó, afẹ́fẹ́ á sì gbé e. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Savalou, iná wà lọ́tùn-ún lósì, èéfín dí ojú ọ̀nà, mi ò rí ọkọ̀ tó wà níwájú mi mọ́. Mo kàn dúró gbagidi. Ṣé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn? Ìyá mi sì ní ikọ́ fée.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà: ṣé ká gba Parakú àti Djougou ni, àbí ká padà sí Ìdáàṣà, ká gba Bassila? Ìgbà wo lójúmọ́ ni iná máa ń le jù? Àbí ká kúkú dúró de oṣù kẹwàá, tí koríko ṣì tutù?