Awò tí wọ́n pè ní asúnmọ́ kò sún mọ́ nǹkan kan

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo ka ìtumọ̀ tí arákùnrin wa ṣe fún ìtọ́sọ́nà kan lórí bí a ṣe ń yan ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ǹsì kámẹ́rà 70-200mm tí wọ́n jọra. (Bí nọ́ńbà mm yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí à ń wò ń tóbi sí i nínú àwòrán; ti irú lẹ́ǹsì yìí ń yí láti 70 dé 200.) Ó pè wọ́n ní "awo asúnmọ́". Mo kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àmì ohùn kúrò lọ́nà. Awò ni a fi ń wo nǹkan, gẹ́gẹ́ bí awò ojú. Àwo ni a fi ń jẹun. Ẹni tí a ti fi mọ inú ìmùlẹ̀ ni awo. Èwo ni arákùnrin wa ń kọ?

Èyí tí ó dùn mí jù ni "sún mọ́". Ẹni tí ó sún mọ́ nǹkan ti kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ lẹ́ǹsì yìí gan-an ni pé kí ayàwòrán má kúrò lójú kan. Mo dán an wò. Mo ní kí ènìyàn méjì dúró, ọ̀kan níwájú, èkejì ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo yí òrùka lẹ́ǹsì láti 70 dé 200: àwọn méjèèjì tóbi sí i lọ́gbọọgba, ẹni ẹ̀yìn sì dà bí ẹni tí ó fẹ́ gbé àgbọ̀n lé èjìká ẹni iwájú. Mo dá òrùka padà sí 70, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ títí ẹni iwájú fi tóbi tó ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀yìn ti kéré, ó ti jìnnà sí i. Àwòrán kejì yìí ni mo ti sún mọ́ wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, lẹ́ǹsì kàn dín fífẹ̀ ohun tí kámẹ́rà ń rí kù ni, láti nǹkan bí dígírì 34 sí 12, bí a bá wọ̀n ọ́n láti igun dé igun lórí sẹ́ńsọ̀ (ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tí ó jẹ́ 36mm sí 24mm. Àwọn àgbà tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì fetí sí i dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tún bo nǹkan méjì mọ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì 300mm wà tí kì í yí padà, tí òkèèrè nìkan ni ó ń wò. 16-35mm ń yí padà, síbẹ̀ kì í wo òkèèrè. Mo dábàá awòkèèrè fún ti àkọ́kọ́, bí a ti ní awòràwọ̀, tí fáwẹ̀lì yọ tí ohùn ìsàlẹ̀ sì dúró. Fún èkejì, mo dábàá anàsúnkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láàrin wa ti ta kò mí, pé inú ni gíláàsì ọ̀pọ̀ wọn ti ń rìn. Òótọ́ ni: lẹ́ǹsì Sony FE 70-200mm f/2.8 GM II kì í nà síta (nọ́ńbà f ń sọ bí ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó; bí ó bá ṣe kéré ni ẹnu náà ń fẹ̀), nígbà tí Canon RF 70-200mm f/2.8 ti ọdún 2019 ń nà. Ìwọ̀n mm tí a kọ sí i lára ni mo sọ pé ó ń nà, kì í ṣe agolo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò tíì gbà fún mi.

Ẹni tí ó ń yan lẹ́ǹsì ni ó ń jìyà rẹ̀. Canon f/2.8 yẹn wúwo tó giráàmù 1070, f/4 irú rẹ̀ jẹ́ 695. Méjèèjì ni awòkèèrè, méjèèjì ni anàsúnkì, 200 ni méjèèjì dé. Ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni wọ́n fi yàtọ̀, nítorí ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ f/4 ni f/2.8 ń gbà bí a bá ṣí ẹnu méjèèjì tán. Arákùnrin wa pe f/2.8 ní "asúnmọ́ ńlá", ó pe f/4 ní "asúnmọ́ kékeré". Ta ni kò ní rò pé ńlá ń wo ibi tí ó jìnnà jù, kí ó sì gbé ẹrù tí kò nílò?

Bí ó bá ṣì fẹ́ dúró lórí asúnmọ́, kí ó sọ ohun tí yóò pe 300mm tí kì í yí padà, kí ó sì fi àmì sórí awò.