Ìdánrawò ni àbí àgbátúngbá? Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ọ̀dọ́ ní sínúkà

Láti Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú èdè. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe fídíò kéékèèké ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá sínúkà ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Fídíò ìkọ́ni pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, àmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ ń yára ju ohun tí ọ̀pọ̀ lè bá lọ. Ọmọ á wò ó tán, á tún lọ máa gbá a bó ṣe ń gbá a tẹ́lẹ̀. Ohun mẹ́rin ni a ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ wa lọ́rùn fún: eré náà fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní drill (gbígbá kan náà léraléra láti fi kọ́ ọwọ́), ohun tí wọ́n ń pè ní ghost ball, àti ìṣe mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí à ń fi ọ̀pá gbá, ń ṣe lẹ́yìn tó bá kan èkejì. A ti kọ "ìdárayá", "bọ́ọ̀lù iwin" àti "ìfàsẹ́yìn" sílẹ̀, ọkàn wa ò sì balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú akitiyan, àbúrò. Orúkọ eré náà ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣìnà kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìpẹ́ru, sínúkà ni gbogbo wa ń pe eré tó wà lójúde yìí. Bọ́ọ̀lù mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀: funfun kan, dúdú tó jẹ́ nọ́ńbà 8, méje aláwọ̀ kan ṣoṣo, méje onílà. Sínúkà gan-an yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù méjìlélógún ni tirẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn sì pupa. Tábìlì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì kéré sí tiwa: mílímítà 52.5 ni ìbú tirẹ̀, tiwa jẹ́ bíi 57. Pool ni òyìnbó ń pe tiwa. Ẹ ò wá lè sọ pé kí ẹ pè é ní "púùlù", nítorí pé ilé tẹ́tẹ́ ni ilé púùlù lọ́dọ̀ wa, òbí tó bá sì gbọ́ pé púùlù ni ọmọ òun ń kọ́ kò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Ẹ fi sínúkà sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu aráyé. Ṣùgbọ́n nínú fídíò àkọ́kọ́, ẹ sọ fún ọmọ pé "pool" ni kó kọ nígbà tó bá ń wá ẹ̀kọ́ lórí YouTube. Bó bá kọ "snooker", ẹ̀kọ́ tábìlì ńlá ni yóò rí. Etí ihò tábìlì yẹn rí roboto, tí bọ́ọ̀lù bá gbá etí rẹ̀ díẹ̀, á ta jáde. Ti tábìlì wa ní igun, ó sì máa ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ́ ọ̀kan lé èkejì á máa bẹ̀rù bọ́ọ̀lù tó yẹ kó gbá tọkàntọkàn.

Ó wá ku drill. Ẹ pa "ìdárayá" rẹ́ pátápátá, sísá àti fífò ni ìyẹn, ara ló wà fún. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́nnẹ́ ti dá "àgbátúngbá" lábàá níhìn-ín rí, wọ́n wo àwítúnwí àti àsọtúnsọ ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó dùn létí, ó sì bá òfin èdè mu. Àléébù rẹ̀ ni pé ṣíṣe léraléra lásán ló ń sọ. Ẹni tó ń gbá àgbákugbà náà ń gbá a ní àgbátúngbá, àṣìṣe rẹ̀ ló ń mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdánrawò ni èmi fara mọ́. Ẹ tú u palẹ̀: dán, ara, wò. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ gbígbá di ìdánrawò. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà nígbà gbogbo. Iye ìgbà tí a ó gbá a gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tábìlì sì gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó bàjẹ́ fún wa láìsí olùkọ́ nítòsí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, eré lásán ni, kódà bí a ṣe é láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó yẹ kó jẹ́ fídíò yín àkọ́kọ́ hàn yín. Ẹ ra òrùka bébà kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ihò bébà inú fáìlì. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ aṣọ tábìlì ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò igun, ẹ lẹ èkejì sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí òrùka méjèèjì àti ihò wà lórí ìlà kan gbọnrangandan. Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà kan á jókòó sórí èyí tó wà nítòsí ihò, funfun á jókòó sórí èkejì. Ẹ gbá funfun ní ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀. Ti iwájú á wọ ihò, funfun á dúró gbagidi níbi tó ti kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ẹ ó gbá a, ẹ ó sì kọ iye tó dára sílẹ̀. Bó bá tó mẹ́jọ, ẹ sún funfun sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Bí kò bá tó márùn-ún, ẹ mú un sún mọ́ tòsí.

Bí funfun bá tẹ̀ lé èkejì dípò kó dúró, ẹ gbá a lókè jù tàbí ẹ gbá a jẹ́jẹ́ jù. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnu ọ̀pá bá kan ìsàlẹ̀ àárín, bọ́ọ̀lù ń yí sẹ́yìn bó ṣe ń sáré síwájú, aṣọ tábìlì á wá máa jẹ yíyí náà díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tán gẹ́lẹ́ nígbà tí funfun bá dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni ẹ ó máa gbá a nísàlẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ fi agbára kún un. Bó bá padà sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá dúró ṣùgbọ́n tó ń pòòyì lójú kan bí òkòtó, ẹnu ọ̀pá ti yà sí ọ̀tún tàbí òsì àárín, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀pá jìnnà sí àárín bọ́ọ̀lù ju mílímítà 14 lọ. Ìdajì ọ̀nà láti àárín dé etí bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bó bá kọjá ibẹ̀, ọ̀pá á yọ̀, ṣọ́ọ̀kì ì báà pọ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn orúkọ mẹ́ta tí ẹ ń wá ti fara hàn nínú ohun tí mo kọ sókè yẹn. Funfun dúró, ó tẹ̀ lé e, ó padà. Ẹ pè wọ́n ní àgbádúró, àgbátẹ̀lé àti àgbápadà. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ohun tí yóò rí lórí tábìlì. "Ìfàsẹ́yìn" kò lè ṣiṣẹ́ yìí, ìjákulẹ̀ àti ìdádúró ni aráyé ń fi pè, kò sì sẹ́ni tó fa bọ́ọ̀lù.

Orúkọ wọ̀nyí á tún wúlò nígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lórí ìlà kan. Nínú àgbádúró, funfun á yà kúrò lára ọ̀nà tí èkejì gbà lọ ní dígírì 90. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni funfun ń yí lọ síwájú geere, bíi dígírì 30 ni yóò fi yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìkànra náà ò bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí kò sì kún jù. Dave Alciatore, tó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Colorado State University ní Amẹ́ríkà, ló fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tí a yà síra kọ́ aráyé láti wọn dígírì 30 yìí lórí tábìlì. Ìka kan tọ́ka sí ọ̀nà tí funfun ń lọ, ìkejì á tọ́ka sí ibi tí yóò yà sí. Àwọn fídíò rẹ̀ yẹ ní wíwò, nítorí ó máa ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán tó yára gan-an hàn wá bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe.

"Bọ́ọ̀lù iwin" ńkọ́? Ẹ má lò ó. Iwin kì í ṣe ohun tí ojú inú ń yà, ohun tí àgbà ń ki ọmọ nílọ̀ nípa rẹ̀ ni. Ohun tí òyìnbó ń sọ níbẹ̀ ni ibi tí funfun yóò wà nígbà tó bá kan èkejì, tí a fi ọkàn yà kí a tó gbá a. Bọ́ọ̀lù àfinúrò ni. Àárín rẹ̀ jìnnà sí àárín bọ́ọ̀lù kejì ní ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kan, mílímítà 57, lódìkejì ihò. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù gidi síbẹ̀ kó fara kan èkejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ wò ó dáadáa láti ẹ̀yìn funfun, kí ẹ tó gbé e kúrò kó sì gbá a. Àǹfààní mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: òyìnbó tún ń lo ghost fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ tí à ń bá ta á. Ìwọ á fọ́ bọ́ọ̀lù ká, wàá gbé funfun síbi tó wù ẹ́, wàá sì máa gbá wọn wọlé. Bó o bá tàsé ẹ̀ẹ̀kan, òun ló borí. Alátakò àfinúrò nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣiṣẹ́ méjèèjì.

Lórí fídíò, mi ò rí ìdí tí a ó fi wá orúkọ míì fún un. Fídíò ìkọ́ni tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wọn yóò ṣe wò ó. Kí wọ́n dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.5, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo ọwọ́ ẹ̀yìn nìkan, ìyẹn èyí tó di ìdí ọ̀pá mú. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ dúró títí ẹnu ọ̀pá yóò fi kan bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan gbé fóònù sẹ́yìn ihò tí wọ́n dojú kọ, ní déédéé ojú tábìlì, kó ya àwọn náà. Ọ̀pá tó ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á hàn kedere láti ibẹ̀, kò sì ní hàn tí fóònù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo kà á délẹ̀. Àgbádúró àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dára, àfinúrò dára jù. Àmọ́ mi ò tíì gbà pẹ̀lú yín lórí ìdánrawò.

Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìparí ẹ̀kọ́ ni ìdánrawò máa ń wà. Kò ṣáájú ẹ̀kọ́. Ẹ wá ń sọ pé kí ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń na ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé á máa fi ọrùn ọwọ́ darí ọ̀pá kí bọ́ọ̀lù lè ṣáà wọlé. Iye á gòkè, bó ṣe ń na ọ̀pá á bàjẹ́, yóò sì ṣòro láti tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Àgbátúngbá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ dá ìgò míníra òfìfo kan dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, kí ọmọ máa na ẹnu ọ̀pá wọ inú ẹnu ìgò kó sì máa fà á jáde láìkàn án. Ìwọ̀nba ínǹsì mẹ́ta tó, torí ọ̀pá ń sanra bó ṣe ń wọlé. Bó bá mọ́ ọn lára, kó gbé funfun nìkan sí àárín apá ìsàlẹ̀ tábìlì, kó gbá a gba àárín lọ sí etí tábìlì lókè, kó fi ọ̀pá sílẹ̀ síbi tó nà án dé. Funfun gbọ́dọ̀ padà wá bá ẹnu ọ̀pá. Bó bá ń yà sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún ni ẹnu ọ̀pá kàn. Kò sí ihò nínú rẹ̀, kò sí ohun tí à ń kà. Nígbà tí ìyẹn bá dúró ni ìdánrawò yín tó lè wọlé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a nílò, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Ẹ tún sọ pé tábìlì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó bàjẹ́. Tábìlì ojúde máa ń purọ́. Ẹ yí bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti etí kan dé ìkejì kí ẹ tó lẹ òrùka bébà yẹn. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tábìlì ò dọ́gba, ẹ fi bébà tó le sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ lo apá míì. Bọ́ọ̀lù tó dọ̀tí náà ń purọ́: ìdọ̀tí máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù méjì di ara wọn mú díẹ̀, nígbà tí a bá gbá èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kò ní yà tó bí a ṣe fẹ́. Ọmọ á wá rò pé bọ́ọ̀lù àfinúrò ló ṣi òun lọ́nà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, kí ẹ nù wọ́n gbẹ. Lásìkò òjò, aṣọ tábìlì máa ń gba ọ̀rinrin, á sì máa fa bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, ẹ má fi iye tí ọmọ rí lọ́jọ́ yẹn wé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti Ṣàgámù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Fídíò kìíní á dá lórí ìgò àti funfun nìkan, àgbátúngbá ni a ó pè é. Èkejì á jẹ́ àgbádúró pẹ̀lú òrùka bébà, a ó sì kọ ìdánrawò sí iwájú rẹ̀. A ti gba àfinúrò. A ó fi àgbápadà sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ti mọ àgbádúró dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Kí ẹ tó lọ, ẹ bá wa wo èyí: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan etí tábìlì tó sì ta padà kó tó wọ ihò, ṣé "àtapadà" á ṣe é pè, àbí ó jọ àgbápadà jù?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ó jọ ọ́ jù, ọmọ á ṣì wọ́n gbọ́. Ẹ sọ pé "àgbátasétí". Funfun ló ń padà nínú àgbápadà, bọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọ ihò ló ń ta sétí nínú èyí. Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ìgò ṣáájú.