Ẹ gbà mí o: fọ́tò ajá ní shẹ́ltà, Sátidé yìí ni!!

Adébísí_Fọ́tò (Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́)
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá. Ẹnu mi ti kó bá mi. Mo ní mo máa lọ bá àwọn kan ya àwọn ajá tí wọ́n kó lójú títì, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè fi wá ẹni tó máa gbà wọ́n sílé. Ajá ń lọ sí bí ogún. Mi ò ya ajá rí, òde ìnáwó àti pásípọ́ọ̀tù ni mo mọ̀. Lẹ́ǹsì wo ni kí n gbé dání? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí.

BabaFọ́tò_Mọ́kọ́lá
Kámẹ́rà wo lo ní? Shẹ́ltà wo? Àbí ti ẹ̀yìn àwọn onípákó yẹn? Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, tètè lọ, tó bá ti di aago mẹ́wàá kò sí ibòji kankan níbẹ̀ mọ́.

Ìyá_Bingo
Àbúrò, ọdún kẹta mi rèé tí mò ń ya wọ́n. Má tan fíláàṣì rárá, ojú wọn á máa tàn bíi ti iwin, àwọn míì á sì máa gbọ̀n. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú ẹ àti tiwọn dọ́gba, tó o bá dúró yà wọ́n látòkè orí ńlá ẹsẹ̀ kékeré ni wàá rí. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sáré díẹ̀, ẹnu wọn á là, á dà bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Tó o bá fẹ́ kí etí dìde, rún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ni o, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ wọn ò ní dá ẹ lóhùn mọ́. Èyí tó bá ń bẹ̀rù má wò ó lójú kòró, kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ju bísíkíìtì sílẹ̀ kó o ṣe bí ẹni ò rí i. Ajá dúdú ló le jù, níbi tí mò ń lọ àwọn náà ló máa ń pẹ́ jù kí ẹnì kan tó wá mú wọn. Má gbé e síwájú ògiri funfun, á kàn dà bí ihò. Abẹ́ ibòji ni kó o mú un lọ, kó kọjú síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹyinjú ẹ̀ lè dán.

Kò_sí_ọ̀fẹ́
Arábìnrin, má lọ. Èmi náà lọ ṣe ọ̀fẹ́ lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ ajá bíńtín tí wọ́n ní kì í ṣe nǹkan kan ló gé mi jẹ lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn máa wo káàdì. Káàdì dà?? Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí abẹ́rẹ́, owó ara mi ni mo fi gba gbogbo ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ pè mí pé ọwọ́ ńkọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí fọ́tò mi lórí Facebook, wọ́n fi ń tọrọ owó, orúkọ mi ò sí níbẹ̀!

Mọ́rẹ́nikẹ́
Yéè! Mi ò súnmọ́ ajá mọ́ láyé.

Nọ́ọ̀sì_Àkóbọ̀
Tí ajá bá gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ata sí i, mo bẹ̀ yín. Ọmọ ajá náà lè ní in o. Abẹ́rẹ́ wà téèyàn lè gbà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ọjọ́ méje ló wà láàárín, ti Sátidé ò lè bá a mọ́.

Ọmọ_Oǹdó
Ẹ ń ya ajá ní fọ́tò, Ògún ń wò yín 😂

Ìyá_Bingo
Torí irú yín ni wọ́n ṣe máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́nu èèyàn kí wọ́n tó fa ajá lé e lọ́wọ́.

BabaFọ́tò_Mọ́kọ́lá
Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn dáa, kó bèèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má lọ torí ajá gé ẹnì kan jẹ? Wọ́n ti ju àga lù mí níbi ìgbéyàwó rí, mo ṣì ń ya ìgbéyàwó.

Kò_sí_ọ̀fẹ́
Wọ́n sanwó fún yín níbẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ọ̀fẹ́ yìí lẹ̀ ń ba ọjà jẹ́, lọ́la oníbàárà á ní ṣebí o ya ajá lọ́fẹ̀ẹ́, tọmọ òun wá dowó.

Màmá_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé wọ́n ní Alsatian níbẹ̀? Mò ń kọ́lé sí Apẹ̀tẹ̀, wọ́n ń jí irin mi.

Táyélolú
Màmá, ajá ìbílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í tà á. Adébísí, ẹ pa lokéṣọ̀n fóònù yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí géètì hàn nínú fọ́tò. Tí àwọn èèyàn bá ti mọ ibẹ̀, òru ni wọ́n á máa gbé ọmọ ajá wá sẹ́nu géètì nínú páálí.

Adébísí_Fọ́tò (Sátidé, 7:40 alẹ́)
Mo ti dé o, ẹ ṣé gan-an. Ajá àkọ́kọ́ ti lá lẹ́ǹsì kí n tó tẹ nǹkan kan, mo bá dá kámẹ́rà padà sínú báàgì, fóònù ni mo fi ya gbogbo ẹ̀. Mi ò bèèrè káàdì, ojú ń tì mí. Mo rún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo kéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, aládùúgbò wọn yọjú. Dúdú mẹ́ta ló wà, ọ̀kan péré ló jáde dáadáa, ìyẹn tún sùn. Mo ti ní mo máa padà lọ lọ́sẹ̀ méjì sí i.

Kò_sí_ọ̀fẹ́
Wọ́n kọ orúkọ ẹ sí i?

Adébísí_Fọ́tò
Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ṣì í kọ.

Ládi_Lẹ́ǹsì
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Lẹ́ǹsì 50mm. Sátidé wo ni?