Ẹ̀dà Star Trek wo ni kí n fi han àwọn ọmọ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ Star Trek ẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ mi fẹ́ mọ ohun tó mú mi fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìrìn àjò òfurufú tí wọ́n ṣe láti 1966 sí 1969 yìí tó bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn ni mo sì wá tọrọ. Ṣé ẹ̀dà àtijọ́ ni kí n fi hàn wọ́n, níbi tí Enterprise, ọkọ̀ òfurufú inú eré náà, ti jẹ́ ère àfọwọ́ṣe, àbí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe ní 2006, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya ọkọ̀ náà lọ́tun? Ti àtijọ́ ló wù mí, ère ọkọ̀ ọ̀hún ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, àmọ́ ojú àwọn ọmọ ìwòyí ti mọ́ àwòrán tó ń dán, n kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà.

Apá wo ni kí a tilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀? Ọkàn mi fà sí “The Trouble with Tribbles” nítorí ẹ̀rín, pàápàá ibi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké onírun ti ya lé Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ náà, lórí láti inú àká, tí wọ́n sì bò ó dé àyà. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ọmọbìnrin mi rí Nichelle Nichols, òṣèrébìnrin tó kó ipa Uhura, dáadáa, ẹni tí Martin Luther King fúnra rẹ̀ rọ̀ pé kó má fi eré náà sílẹ̀, tó sì padà bá NASA wá àwọn obìnrin àti aláwọ̀ dúdú tí yóò rìnrìn àjò lọ sí òfurufú. Apá tí wọ́n ti fún Uhura ní iṣẹ́ gidi ṣe kò pọ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ẹ̀yin yóò mú?