Bírò wo ló dára fún ẹni tó ń ya èrò kóòdù sórí ìwé lójoojúmọ́?

Ọlọ́wọ́Òsì_Kubwa:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe ní Wuse 2. Kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo máa ń ya ohun tí mo fẹ́ kọ sórí ìwé ná. Ọ̀rọ̀ fífi owó ránṣẹ́ ló wà níwájú mi báyìí: oníbàárà ti tẹ bọ́tìnì, ìbéèrè ti lọ sí báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já kí èsì tó dé. Ṣé owó ti kúrò ni àbí kò tíì kúrò? Irú èyí kò ṣeé fi orí lásán rò. Àfi kí n ya àpótí oníbàárà, tiwa àti ti báńkì, kí n fa ọfà láàárín wọn, kí n fi àmì ìbéèrè síbi tó ti lè já.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé. Bírò jẹ́ẹ̀lì tí mò ń lò dúdú dáadáa, ó sì ń yọ̀ lórí ìwé, àmọ́ ọwọ́ mi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fa tàdáwà tútù náà kiri. Orí ọfà á di àbàwọ́n, mi ò ní mọ ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á mọ́. Kí lẹ ń lò? Bírò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.5 mm ni àbí 0.7? Àbí kí n kúkú padà sí pẹ́ńsù?

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Bic Cristal, dúdú. Láti 1950 ló ti wà lọ́jà, ṣọ́ọ̀bù àdúgbò èyíkéyìí lo ti máa rí i rà. Ara rẹ̀ onígun mẹ́fà kì í jẹ́ kó yí bọ́ lórí tábìlì, o sì ń rí iye tàdáwà tó kù. Olóróró ni, kì í ṣe olómi.

Ìyá_Kóòdù:
Àbúrò mi, òótọ́ ni Bàbá Ẹ̀rọ sọ, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Omi ló wà nínú tàdáwà jẹ́ẹ̀lì, irú tí Sakura ti Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1984. Orí ìwé ló máa jókòó sí títí yóò fi gbẹ. Nígbà ọyẹ́ o lè máà rí wàhálà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, tí bébà ti fa ọ̀rinrin, ọwọ́ òsì ló máa jìyà rẹ̀.

uni Jetstream 0.7 dúdú ni èmi ń lò. Olóróró ni, ṣùgbọ́n tàdáwà rẹ̀ ń ṣàn, kò dìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Má lọ sí 0.38, ẹnu rẹ̀ mú jù fún bébà jọ́tà wa. Dúdú ni kó jẹ́, torí fóònù lo máa fi ya ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Fi pupa kan kún un, fún ibi tí nǹkan ti lè já nìkan.

Tí wọ́n bá gbé bírò tó ń parẹ́ fún ọ, irú FriXion ti Pilot, mọ̀ pé ooru ló ń pa á rẹ́. Tó bá ti gbóná tó nǹkan bíi 60 °C, àwọ̀ rẹ̀ á lọ. Dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó wà nínú oòrùn Abuja ní March lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Firísà lè mú un padà hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí o ti pa rẹ́ tẹ́lẹ̀ náà á jáde, gbogbo rẹ̀ á wá dàpọ̀.

Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ pípa rẹ́ rárá. Ká ní o kọ ọ́ pé “tí èsì ò bá dé, ká tún un rán”, tí o wá rí i pé owó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì. Fa ìlà kan ṣoṣo la ibẹ̀ kọjá, kí ó ṣì ṣeé kà, kí o kọ “yóò yọ owó lẹ́ẹ̀mejì” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ lo máa wá kọ èyí tó tọ́: kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a fi nọ́ńbà kan náà tún un rán, kí báńkì lè mọ̀ pé òun ti ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún mú àbá àkọ́kọ́ wá, ojú ìwé yẹn lo máa ṣí fún un. Mi ò mọ ohun tó níye lórí jùyẹn nínú jọ́tà.

Sabo_Kano:
Ẹ má fojú di pẹ́ńsù o. Eruku ọyẹ́ Kano kò rí i ṣe nǹkan kan, kò sì ní ìdérí tó lè sọnù. Ṣùgbọ́n HB ni kí o mú, ọ̀gá mi. 2B rọ̀, á kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ.

Ọlọ́wọ́Òsì_Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Ti ìlà kan ṣoṣo yẹn wọ̀ mí lára, ìyá mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé kò ní fà?

Ìyá_Kóòdù:
Mú jọ́tà rẹ dání, má lo bébà tiwọn. Fa ọfà bíi mélòó kan, fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì nù ún lójú ẹsẹ̀. Tí orí ọfà ò bá bàjẹ́, sanwó.