Plénà ọ̀gá mi ń jẹ kábọ̀n bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà: níbo ni mo ti lè rí ojúlówó rà n'Ìbàdàn?

Káfíńtà Olódò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń rìn kiri ìgboro torí kábọ̀n plénà, ìyẹn ègé dúdú kékeré méjì tó ń gbé iná fún ibi tó ń yí nínú ẹ̀rọ tí a fi ń fá pákó. Mo dé Ògùnpa, mo dé Dùgbẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹ̀kọ. Ẹnì kan ta méjì fún mi, ó fi Ọlọ́run búra pé ojúlówó ni. Kò tó wákàtí méjì lẹ́nu iṣẹ́ tó fi jẹ tán, ó ku bí hóró àgbàdo. Mo dá a padà, ó ní òun ò mọ̀ mí rí.

Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà lọ́rùn mi fún oníbàárà kan l'Ákóbọ̀. Mo ti gba àsansílẹ̀, mo ti fi ra pákó. Ìyàwó ń pè mí láàárọ̀, ọkọ ń pè mí lálẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ni plénà yìí. Nígbà tí wọ́n kú, ìyá wa pè mí, wọ́n ní èmi ni kí n máa lò ó. Ojú mi ni bàbá ṣe máa ń fi í fá ìrókò, plénà ò sì ní ké. Báyìí tí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná búlúù á máa yí inú rẹ̀ po, á máa rùn bí ike tó ń jó. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kábọ̀n gidi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí n ra tuntun.

Wẹ́dà Àpáta: Àbúrò, ra tuntun. Fáìlìn tí mo fi ń lọ irin náà rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá súìsì rẹ̀, owó ọkọ̀ tí mo ná tó ra òmíràn.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá: Ẹ kú àdánù ọ̀gá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin káfíńtà, ẹ yé gba àsansílẹ̀ nígbà tí irinṣẹ́ ò bá yá. Ọdún tó kọjá ni ẹnì kan gba owó kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, títí di òní, orí ẹní ni mo ń ká aṣọ lé.

Káfíńtà Mọ́nìyà: Kí ni orúkọ plénà náà? Nọ́ńbà wo ló wà lára rẹ̀? Ti Makita tèmi, CB àti nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára kábọ̀n, òun ni mo máa ń mú lọ sọ́jà. Tí o ò bá rí nọ́ńbà, wọ̀n fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ ní mìlímítà. Ra èyí tó tóbi díẹ̀, kí o fi sáńpépà fá a títí á fi wọlé rẹ́gí. Èyí tó bá kéré á máa mì nínú ilé rẹ̀, á máa ta iná.

Káfíńtà Olódò: Nọ́ńbà ti pa rẹ́. Mama Ìbejì, èmi ò jẹ owó ẹnikẹ́ni o, pákó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.

Wẹ́dà Àpáta: Lọ ra kábọ̀n sítátà mọ́tò ní Gate, kí o fá a kéré. Ṣebí kábọ̀n ni kábọ̀n.

Bàbá Rìwáyà: Má dán an wò! Kọ́pà ló pọ̀ nínú kábọ̀n sítátà, torí bátìrì 12 volt ni wọ́n ṣe é fún. Á họ ojú armature rẹ, ìyẹn irin tí wọ́n wé wáyà kọ́pà mọ́, tó ń yí nínú mọ́tò.

Wẹ́dà Àpáta: Bàbá, mo ti ṣe é rí, ó ṣiṣẹ́.

Bàbá Rìwáyà: Fún ọjọ́ mélòó? Káfíńtà Olódò, dá mi lóhùn. Iná wo lo fi ń lò ó? Orí wáyà rẹ̀ ńkọ́?

Káfíńtà Olódò: Iná ìjọba ni. Iná wa ò lágbára, gílóòbù pàápàá máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni. Ọjọ́ tí mo gbé e sórí jẹnẹrétọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yẹ́lò ni, róbótó báyìí, kò wọ ihò ara ògiri wa. Mo gé e, mo fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa sí i. Àtìgbà yẹn ló ti ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀, inú mi dùn sí i.

Bàbá Rìwáyà: Háà! Ọmọ mi, yọ ọ́ lára iná báyìí báyìí. Àwọ̀ yẹ́lò yẹn ni àmì 110 volt. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìlú Ọba, Britain, kí iná má baà gbé òṣìṣẹ́ pa. Iná wa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Àìlágbára iná àdúgbò yín ló ń gbà á sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì bá a ṣeré. Onítọ̀hún tó ta kábọ̀n fún ọ lè má jẹ̀bi rárá. Ṣé ọ̀gá rẹ ò ní àpótí wúwo kan tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń dín iná wa kù sí 110 fún un ni?

Káfíńtà Mọ́nìyà: Stabiliser ilé mi ní ihò 110 lẹ́yìn, ṣé kò ní gbé e?

Bàbá Rìwáyà: Ihò yẹn ò lè gbé plénà. Ohun tó bá máa gbé e gbọ́dọ̀ lágbára tó ìlọ́po méjì wáàtì tó ń jẹ. Káfíńtà Olódò, mo bi ọ́ léèrè àpótí.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá: Ó ti dákẹ́.

Káfíńtà Olódò: Ẹ má bínú. Àpótí kan wà, yẹ́lò ni òun náà. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Mo rò pé stabiliser tó ti bàjẹ́ ni. Mo ti tà á fún onírin àlòkù ní ìjẹta torí owó bẹntiróòlù.

Wẹ́dà Àpáta: Ìwọ ọmọ yìí!

Bàbá Rìwáyà: Ẹ fi í sílẹ̀. Dìde lọ bá onírin kí wọ́n tó tú u gba kọ́pà inú rẹ̀. Tí o bá dé, fi ọwọ́ yí plénà, wo ojú kọ́pà tí kábọ̀n ń jókòó lé. Tó bá jẹ́ pé ó kàn dúdú ni, a máa fọ̀ ọ́. Tó bá ti jóná, armature 110 ni wàá béèrè, ti 240 ò ní bá a mu bó tilẹ̀ wọlé.

Káfíńtà Olódò: Mo ti débẹ̀. Ó wà, abẹ́ páànù ni mo ti rí i. Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀, wọn ò tíì ṣí i. Ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n san fún mi ni wọ́n ń gbà, mo ti san án. Bàbá, wáyà irú wo ni kí n rà sí i?

Bàbá Rìwáyà: Má ra nǹkan kan, má sì fọwọ́ kan ojú wáyà yẹn. Gbé àwọn méjèèjì wá bá mi ní Gate lọ́la, kí o mú kábọ̀n tó ṣẹ́ kù náà dání.