Hydra nínú oṣù Kẹjọ: báwo la ṣe ń rí àyè, kí ìdákọ̀ró má sì lọ́ mọ́ ti ẹlòmíì?

Ìgbòkun_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin atukọ̀. A fẹ́ háyà ọkọ̀ onígbòkun tó gùn tó mítà 12 ní Alimos, lẹ́bàá Athens, fún ọjọ́ méje. Àwọn erékùṣù Gíríìsì la fẹ́ yí ká: Aegina, Poros, Hydra, ká wá padà. Àwa márùn-ún ni, àwa méjì la ní ìwé àṣẹ. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ṣéènì ìdákọ̀ró máa ń wé mọ́ ṣéènì ní Hydra bí òwú inú agbọ̀n. Ṣé ká yẹra fún un ni? Tó bá sì ṣẹlẹ̀, báwo la ṣe ń tú u?

Baba Atukọ̀
Ẹ lọ o, aago tí ẹ máa dé ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Poros sí Hydra ò ju nǹkan bíi máìlì òkun 12 lọ. Ẹ tú okùn ní aago méje àárọ̀, ẹ ó bá àwọn tó sùn mọ́jú níbi tí wọ́n ti ń jáde. Tó bá di ọ̀sán gangan, iwájú ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ máa so ẹ̀yìn ọkọ̀ yín mọ́, ní ìlà kejì tàbí ìkẹta.

Ohun tó ń fa wàhálà ni pé èbúté ọ̀hún kéré. Ará ọ̀tún ń ju ìdákọ̀ró sáàárín, ará òsì náà ń jù ú síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí ṣéènì àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dojú kọ, kí tiyín bá tiwọn lọ gbọọrọ. Ẹ jù ú sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí etí èbúté tó ìlọ́po mẹ́ta ọkọ̀ yín, ẹ rọra fi ẹ̀yìn wọlé, kí ṣéènì máa tú láìdúró. Okùn ẹ̀yìn tó wà níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ wá fa ṣéènì le, kí ìdí ọkọ̀ fi bíi mítà méjì jìnnà sí ògiri: ìgbì ọkọ̀ èrò tó ń sáré wọlé lè gbá a mọ́ òkúta.

Ọmọ_Ẹpẹ́
Ti títú rèé. Ẹ fa ìdákọ̀ró yín sókè títí ṣéènì àjèjì tó gùn ún lórí á fi hàn lójú omi. Ẹ ki okùn gba abẹ́ ṣéènì yẹn, kẹ́ ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin iwájú ọkọ̀. Ẹ wá sọ ìdákọ̀ró yín kalẹ̀ díẹ̀: okùn á gbé ẹrù àjèjì, tiyín á já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ẹ fa tiyín wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tú orí okùn kan. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá ṣéènì mú o, ìka ló ń mú lọ.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yìí, torí ẹ̀rọ tó ń fa ṣéènì máa ń jẹ iná bátìrì gan-an. Tó bá ti ń kérora, ẹ fi bọ́tìnì sílẹ̀. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sún ọkọ̀ síwájú kí ṣéènì dẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fíúsì rẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tó ń gé iná fúnra rẹ̀, á já.

Baba Atukọ̀
Mo gbàgbé: ìhà àríwá ni ẹnu èbúté yẹn kọ sí. Bí afẹ́fẹ́ àríwá bá le, ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ so ọkọ̀ ní Ermioni, ìlú etíkun tó wà lórí ilẹ̀ ńlá nítòsí Hydra, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Hydra, kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló dáa jù nínú oṣù Kẹjọ.

Ìgbòkun_Peckham
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ibo ni fíúsì ọ̀hún máa ń wà?

Ọmọ_Ẹpẹ́
Ó yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìgbaọkọ̀ títí wọ́n á fi mú yín débẹ̀, tí wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ tàn án fúnra yín.